Wúrà, Ológbò Bàbá Sálíù

Yèyé, ìyá bàbá mi, ni ó máa ń kọ́kọ́ jí nínú ilé wa ní Ìdó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ó ti máa gbọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀ lágbàlá, ṣáá, ṣáá, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná títí dé ìdí igi máńgòrò. Ìpè àdúrà láti mọ́sálásí ìsàlẹ̀ àdúgbò máa ń bá a lẹ́nu rẹ̀, aago ṣọ́ọ̀ṣì wa náà yóò sì tẹ̀lé e. Bí ó bá ti gbá ilẹ̀ tán, yóò fi ṣíbí lu abọ́ páànù, ológbò rẹ̀ méjèèjì yóò sì jáde láti ibi tí wọ́n sùn sí. Báálẹ̀ ni akọ, ológbò ńlá aláwọ̀ eérú tí etí rẹ̀ kan ti ya nínú ìjà. Òun ni yóò kọ́kọ́ jẹun. Pẹ̀lẹ́ ni abo, dúdú tí àyà rẹ̀ funfun, tí yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan títí Báálẹ̀ yóò fi jẹ àjẹyó. Àgbàdo àti ẹ̀gúsí ni Yèyé ń tà, yàrá ẹ̀yìn ni ó sì ń kó wọn sí. Ó máa ń sọ pé òun kò sin ológbò fún eré. “Uṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ń ṣuṣẹ́ nínú ulé mi, mo gbọ́dọ̀ bọ́ ọ.” Bí àwọn àgbà ìlú wa ṣe ń pe ilé àti iṣẹ́ nìyẹn, èmi tí mo ń kọ́ Yorùbá ìwé ní ilé ìwé sì máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lónìí, bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu arúgbó kan nínú mọ́tò, n ó yíjú wo ẹni tó sọ ọ́. Nínú èdè wa, “ó” là ń pe àgbà bí a ti ń pe ọmọdé, kò sì sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń rántí wọn, bẹ́ẹ̀ ni n ó sì ṣe kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, ní ọsibítù ńlá ìlú wa. Tíṣà ni bàbá mi. Ìlú òkèèrè ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́dún náà, ìgbà ọlidé nìkan la sì ń rí i. Nítorí náà àwa mẹ́ta là ń gbélé: Yèyé, Màámi, àti èmi. Màámi kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nílé. Bí ó bá dé, yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò wẹ̀, yóò sì wá jókòó tì wá níbi tí a ti ń bó ẹ̀gúsí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó láìbọ́ bàtà. Ó ní, “Yèyé, bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ará Orin. Bàbá Sálíù ni wọ́n ń pè é. Ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà ní bí wọn kò bá gé e lórúnkún, yóò kú. Ó sì kọ̀.”

Yèyé ní, “Ta ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò gbà?”

“Kò sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gé e. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò lè dúró. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò bímọ, ológbò ìyàwó náà ló kù nílé, kò sì sí ẹni tí yóò máa bọ́ ọ. Láàárọ̀ yìí ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó máa lọ.” Màámi wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mo ti ṣèlérí fún un pé n ó lọ mú ológbò náà wá síbí.”

Yèyé yíjú sí Báálẹ̀ tí ó na ara rẹ̀ tọọrọ sórí àpò àgbàdo. Ó ní, “O ò bi ẹni tó ni ulé.” Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé kì í ṣe ológbò nìkan ló ń mú bàbá náà fẹ́ sá. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn láàárín oko kòkó kò lè jókòó láàárín àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké kó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ọ̀rọ̀ ológbò ni ó ṣeé gbé jáde lẹ́nu. Màámi ti mọ èyí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ológbò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó ráyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti òun wọ tasí lọ sí Orin. Ilé oníyàrá méjì ni. Ẹní ìkírun bàbá wà ní kíká lórí àga, ìró obìnrin kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó ti gba àwọ̀ eruku. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni a ti rí ológbò náà, pupa rúsúrúsú, gbogbo ìhà rẹ̀ ti yọ. Wúrà ni ìyàwó bàbá sọ ọ́. A fi ìró náà bò ó, a gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì ń ké láti Orin títí a fi dé Ìdó. Onítasí náà pa rédíò rẹ̀.

Ohun tí a ṣe nígbà tí a délé ni ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe. A gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àgbàlá, Màámi ṣí i, ó ní kí Báálẹ̀ àti Pẹ̀lẹ́ wá wo àlejò wọn. Báálẹ̀ dìde lórí àpò àgbàdo. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde pẹ̀lú. Ó gbé ohùn kan jáde tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn tó gùn tó sì rẹlẹ̀, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àwọn méjèèjì ti di ọ̀kan, wọ́n ń yí nílẹ̀, irun ń fò. Omi tútù ni Yèyé fi là wọ́n. Wúrà sá sí ẹ̀yìn ìkòkò omi, ibẹ̀ ló sì fi ṣelé. Bí mo bá gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ, Báálẹ̀ yóò ti lọ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, kò ní jà, kò ní ké, yóò kàn máa wò ó, Wúrà kò sì ní jáde. Pẹ̀lẹ́ kò wọlé mọ́. Orí igi máńgòrò ló ń sùn. Ohun tó wá bí Yèyé nínú jù ni pé Báálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára àpò ẹ̀gúsí, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ. Yèyé gbé àpò náà síta, ó ń yọ ẹ̀gúsí tó ti bàjẹ́ sọ́tọ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, “Gbé e padà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ulé yìí kò gbà á.”

Màámi bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ tó bá débi iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni bàbá máa ń bi í: ṣé Wúrà jẹun? Màámi yóò ní ó jẹ díẹ̀. Ṣé àwọn onílé ti gbà á? Màámi yóò ní wọn kò tíì gbà á. Bàbá yóò kọjú sí ògiri, kò sì ní dá dókítà kankan lóhùn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ náà kò sì dúró dè é. Màámi sọ fún Yèyé pé òórùn rẹ̀ ti ń dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Wúrà yọ́ jáde lẹ́yìn ìkòkò lọ sí ibi àwo oúnjẹ. Ó rò pé Báálẹ̀ ń sùn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Báálẹ̀ ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó bu etí rẹ̀ jẹ, mo sì rí Wúrà bó ṣe fo ọgbà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú. A wá a nínú òjò náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Yèyé tó ní kí a gbé e padà ni ó wá a jù, ó fi ọ̀rá borí, ó ń wo abẹ́ àwọn mọ́tò tó dúró lójú títì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sátidé, Màámi ń múra ibi iṣẹ́. Yèyé dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní, “Sọ fún un pé ara ológbò rẹ̀ le. Kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ná, kó yè. Tó bá yè tán, kó wá bínú sí wa.” Ọ̀rọ̀ ẹni tó láàánú ni Yèyé sọ, mo sì rò nígbà náà pé ohun tí Màámi yóò ṣe nìyẹn. Màámi di okùn bàtà rẹ̀ tán kó tó dáhùn. “Yèyé, n kò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ bẹ́ẹ̀.” Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n wọ aṣọ, kí n tẹ̀lé òun, nítorí èmi ni mo rí ibi tí Wúrà gbà lọ, bàbá sì lè fẹ́ bi mí.

Bàbá Sálíù ga, ó sì rù, ó dé fìlà funfun, ó mú tẹ̀súbà lọ́wọ́. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹsẹ̀ náà, n kò sì fẹ́ wo ibẹ̀. Màámi kò jókòó. Ó ní, “Bàbá, ọmọ mi nìyí, òun ló ń tọ́jú Wúrà. Wúrà kò sí nílé wa mọ́ láti ọ̀sán àná. Ológbò wa bu ú jẹ, ó sì fo ọgbà. A wá a, a kò tíì rí i. A ṣì ń wá a.”

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà tí bàbá ń kà dúró láàárín ìka rẹ̀. Obìnrin kan ń fi omi gbígbóná po ògì fún aláìsàn rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì, a ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan kọ́ọ̀bù. Bàbá yíjú sí mi.

“Apá ibo ló gbà lọ?”

“Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, sà.”

“Òjò ń rọ̀?”

“Ó ń rọ̀, sà.”

“Kò ní jìnnà. Bí ẹ̀rù bá bà á, òkè ló máa ń lọ. Má pè é. Bí o bá ń pè é, yóò rò pé o fẹ́ mú un ni.” Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó nà án sí mi. “Fi èyí sí ibi tí o bá fura sí, kí o sì kúrò níbẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ló wá wo Màámi. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, o lè sọ fún mi pé ó wà nílé.”

“Mo lè sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

“Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ yìí lọ, kì í ṣe ibí, wọ́n gé ọmọ ìka kan, wọ́n ní ó ti tán. Mo tún padà lọ, wọ́n gé àwọn ìka tó kù, wọ́n ní ó ti tán. Ojú wọn ni mo wò, mo sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ pé kò tíì tán.” Ó tẹjú mọ́ Màámi. “Ìwọ wá sọ fún mi. Bí wọ́n bá gé e lórúnkún, ṣé yóò tán?”

Màámi ní, “N kò mọ̀, Bàbá. Dókítà gbà pé yóò tán, èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí wọn kò bá gé e, bí a tilẹ̀ rí Wúrà, ẹ ò ní sí níbẹ̀ láti gbà á.”

Mo rò pé bàbá yóò bínú. Mo tilẹ̀ ti sún mọ́ ẹ̀yìn Màámi. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ padà, ètè rẹ̀ ń mì, nígbà tó kà á dé ibi tó fẹ́ dé, ó ní, “Sọ fún wọn pé mo gbà.” Ìgbà náà ni Màámi tó jókòó. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì níbi tí nọ́ọ̀sì kì í jókòó sí, ó sì di ọwọ́ bàbá mú. N kò lóye rẹ̀ nígbà náà, pé ìròyìn burúkú tí a mú wá ló mú un gbà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìròyìn rere kò rí i ṣe. Ó pẹ́ kí n tó lóye rẹ̀, ó sì ti ràn mí lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ilé tèmi.

Ìyá Fúnmi, aládùúgbò wa tí ọgbà rẹ̀ àti tiwa fara kanra, ló wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò wọlé. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ohun kan wà lórí àjà ilé ìdáná mi tó ń wò mí bí mo ṣe ń ro ọkà. Bí kì í bá ṣe ẹran yín, pásítọ̀ ni n ó lọ pè.”

Màámi ní, “Tiwa ni. Ẹ má bínú.”

Yèyé ló gbé fìlà bàbá lọ, ó fi í sórí igi ìdáná nísàlẹ̀ àjà náà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jáde lọ jókòó síta, Ìyá Fúnmi pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò pè é. A ń gbọ́ bí igi àjà ṣe ń dún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Yèyé fi máa yọjú, Wúrà ti wà lórí fìlà náà, ó ká ara rẹ̀ kò, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀. Yèyé da apẹ̀rẹ̀ bò ó jẹ́ẹ́. Bí a ṣe ń lọ sílé ló ń bá Màámi sọ̀rọ̀. “Àwa la ṣe é bí kò ṣe yẹ. A gbé àlejò ka onílé mọ́lẹ̀ lójijì. A ó tún un ṣe.”

Yàrá bàbá mi tó ṣófo ni Yèyé fi Wúrà sí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó wí fún mi pé kò sí ẹni tí yóò ṣí i àfi òun tàbí èmi. Ó mú àpò tí Báálẹ̀ ń sùn lé, ó gbé e wọlé tọ Wúrà. Ó mú ìró tí a fi gbé Wúrà wá láti Orin, ó tẹ́ ẹ sí ibi tí Báálẹ̀ ń sùn, kí òórùn ọ̀kan lè mọ́ èkejì lára. Báálẹ̀ gbóòórùn ìró náà, ó kọ̀ ọ́, orí sìmẹ́ńtì ló sùn. Yèyé kò yọ ọ́ kúrò. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, a ó gbé àwo kan sínú yàrá, a ó gbé ti àwọn onílé síta, ilẹ̀kùn yóò sì wà láàárín. Báálẹ̀ kò fẹ́ jẹ níbẹ̀, ó ń pariwo sí ilẹ̀kùn, nítorí náà Yèyé fa àwo rẹ̀ sẹ́yìn dé ibi tí kò ti ní bínú. Ọjọ́ mìíràn a ó sún un mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo máa ń ṣe é kí n tó lọ sí ilé ìwé àti nígbà tí mo bá dé, kò sì gbọdọ̀ sí ariwo. Nígbà tí wọ́n ti lè jẹun ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láìpariwo, Yèyé ṣí ilẹ̀kùn, ó fi férémù nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé kan dí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè máa rí ara wọn. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbé Báálẹ̀ lé itan, Yèyé tí kì í gbé ológbò. Ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń sọ fún un pé, “Ulé rẹ ni. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ.” Ó ń sọ ọ́ léraléra, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Láàárín ìgbà náà ni wọ́n gé ẹsẹ̀ Bàbá Sálíù. Ibà mú un lẹ́yìn rẹ̀, ó sì le débi pé Màámi tún ń jókòó láìbọ́ bàtà bó bá dé. Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní kí Màámi fi foonu pe wá nílé láti wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ tí Yèyé ti yọ nẹ́ẹ̀tì. Pẹ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ wọ yàrá náà, ó fi imú kan imú Wúrà, ó sì jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀. Báálẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, ìrù rẹ̀ ń jù, lẹ́yìn náà ó lọ sídìí àwo rẹ̀. N kò fẹ́ parọ́ pé ó fẹ́ràn Wúrà. Kò fẹ́ràn rẹ̀ títí dópin. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ó wà. Mo gbé foonu sún mọ́ ibi àwo, bàbá sì ní, “Kí ni mò ń gbọ́ yìí?”

“Wọ́n ń jẹun ni, sà.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn, sà.”

Mo gbọ́ bó ṣe mí. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì dá foonu padà fún Màámi.

Bàbá Sálíù lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé, egbò náà kò sì padà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan wá ń gbé tì í ní Orin, Wúrà sì wà lọ́dọ̀ wọn títí ó fi gbó. Ọjọ́ tí bàbá wá mú Wúrà nílé wa ni kò kúrò lọ́kàn mi. Màámi ló bá a wá nínú tasí láti ọsibítù. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá méjì sábẹ́ apá, a sì gbé àga fún un sábẹ́ igi máńgòrò. Ṣòkòtò rẹ̀ ti òsì wà ní kíká, wọ́n fi pín-ìn-nì mú un. Ó kí Yèyé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bi í léèrè ọjà, ohùn rẹ̀ le, bí ọkùnrin tó wá ṣe àlejò lásán. Wúrà wà níbi àgbàdo tí a sá. Bàbá fi ahọ́n pè é jẹ́jẹ́. Wúrà gbé orí sókè. Ó rìn wá, kò sáré, ó gbóòórùn ọ̀pá méjèèjì, ó gbóòórùn bàtà ọ̀tún, ó wá yí sí apá òsì, níbi tó ṣe kedere pé ó ti máa ń fara ra ẹsẹ̀ bàbá láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé ara lọ síbẹ̀, kò bá nǹkan kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó yí padà, ó tún gbé ara lọ síbẹ̀. Ó wá jókòó, ó gbójú sókè wo bàbá, ó sì ké lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá fi ọwọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ kò sí. Ó ní, “Kò sí níbẹ̀ mọ́, Wúrà.” Ohùn rẹ̀ sì ya. Màámi sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé bàbá kò sunkún nígbà tí wọ́n gé e, kò sunkún nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ojú egbò, kò sunkún nígbà tó kọ́kọ́ fi ọ̀pá rìn tó sì ṣubú. Bàbá bo ojú rẹ̀ báyìí, èjìká rẹ̀ ń mì, ohùn tó ń jáde lára rẹ̀ kò sì jọ ohùn àgbàlagbà. Ìyá Fúnmi ti gbọ́ ọ, ó ń yọjú lórí ọgbà. Yèyé dìde. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé odó jáde, ó kó iṣu tó wà lórí iná sínú rẹ̀, ó sì ju ọmọ odó kejì sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún, ó ń fi gbogbo agbára gún un, èmi náà sì ń gba tèmi tẹ̀lé e, títí a kò fi gbọ́ ohun mìíràn nínú àgbàlá náà. Òógùn bò mí. Nígbà tí mo wo inú odó, iyán náà ti kúnná, kò ní kókó kankan.

Mo ní, “Yèyé, ó ti kúnná.”

Kò wo inú odó rárá. Ó ní, “Gún un sí i.”